Ìdúró kọ́, Ìdúródè ni: èsì lórí orúkọ Ádífẹ́ǹtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi "Oṣù Ìdúró" rọ́pò Ádífẹ́ǹtì, orúkọ ìgbà tí ìjọ fi ń múra de Kérésì, nínú ìwé ètò ìsìn tí ẹ ń tò fún ìjọ Áńgílíkà yín ní Iléṣà, pé bí kò bá wọ̀, ẹ ó mú "Àbọ̀" tàbí "Ìrètí". Bí a ṣe rí i láti Ifẹ̀ níbí nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ yọ "oṣù" kúrò. Sọ́ńdè mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì ni, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí àárín 27 oṣù Kọkànlá àti 3 oṣù Kejìlá. Ní 2022 tí Kérésì bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 28 ló gbà. Ní 2023 tó bọ́ sí Mọ́ńdè, ọjọ́ 22 péré ni. "Ìgbà" ló bá a mu.

"Àbọ̀" ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, torí "ń bọ̀" gba wíwá Jésù méjèèjì, ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti ti ìkẹyìn, nígbà tí "ìpadàbọ̀" mú ẹ̀ẹ̀kejì nìkan. Ṣùgbọ́n àbọ̀ náà ni ìdajì. Ọ̀pọ̀ ìwé ètò ìsìn ni wọn kì í sì í fi àmì sí: "Abo" lásán ló máa jáde, ẹnì kan á kà á sí ààbò, ẹlòmíràn á kà á sí abo ẹran.

"Ìrètí" ńkọ́? Àbẹ́là àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń tàn ti gba orúkọ yẹn: ìrètí, àlàáfíà, ayọ̀, ìfẹ́. Tí ìgbà náà fúnra rẹ̀ bá tún ń jẹ́ Ìrètí, olùdarí ìsìn á máa kéde àbẹ́là Ìrètí ní Sọ́ńdè Ìrètí, ọ̀rọ̀ á wá lọ́ pọ̀.

Ó wá ku ìdúró. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà náà dúró, kò retí ẹnikẹ́ni. "Dè" tí ẹ gé dànù ló ni iṣẹ́ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ní "sè é dè mí", kí òun tó wọlé ni ó fẹ́ kí ọbẹ̀ ti jinná. A ń gbálẹ̀ de àlejò, ọdẹ ń lúgọ de ẹran. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tí a ń dè kò tíì dé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dè é ti ṣe nǹkan sílẹ̀. Ìwàásù Jòhánù Onítẹ̀bọmi tí a ń kà ní Sọ́ńdè kejì gan-an nìyẹn: ẹ tún ọ̀nà Olúwa ṣe. Bíbélì náà ti lò ó nínú Aísáyà 40:31, "àwọn tí ó bá dúró de Olúwa".

Ní ti àbúrò wa tó ní "ìdúródè" kò lè dá dúró torí pé "dè" ń fẹ́ àbọ̀ (ti gírámà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe láti sọ ẹni tàbí ohun tí a ń ṣe é sí), ẹ wo "ìgbẹ́kẹ̀lé". "Lé" náà ń fẹ́ àbọ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ìgbẹ́kẹ̀lé ta ni.

Ibi tí ẹni tó ń tẹ̀wé ti lè ṣìṣe ni àmì. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ń di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: "dúró dè é", àmọ́ "dúró de Olúwa". Nítorí náà, ẹ tẹ "Ìgbà Ìdúródè" sí èèpo ìwé, kí ẹ tẹ "Sọ́ńdè Kìíní Ìdúródè" sí orí ojú ewé títí dé Ìkẹrin. Bí ẹ bá fẹ́ kó gùn, "Ìgbà Ìdúróde Olúwa" ni, láìsí àmì lórí "de". Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ fi Ádífẹ́ǹtì sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, kí àwọn àgbà ìjọ lè bá a lọ.