Ìgbẹ́ ìjímèrè àbí awọ rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kàwé, DNA ìjímèrè inú Old Oyo National Park ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹran ọ̀dàn ni, apá ibí sì súnmọ́ ibi tí ọ̀dàn ti ń parí sínú igbó. Létí ààlà bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà pọ̀, àlejò kì í ráyè wọlé, ìbátan á wá máa gun ìbátan. Bó ṣe ṣe puma, ẹranko bí ológbò ńlá, ní Florida l'Amẹ́ríkà nìyẹn, tí ìrù wọn wọ́, tí ọkàn wọn lálèébù, kí wọ́n tó kó abo 8 wá láti Texas lọ́dún 1995.

Ìgbẹ́ ìjímèrè ni mo fẹ́ ṣà sínú ẹtánọ́ọ̀lù, ọtí líle tí kì í jẹ́ kí DNA tètè bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n ra awọ lọ́wọ́ ẹlẹ́ran igbó, ó yá jù. Ta ló máa jẹ́wọ́ pé ọgbà ìjọba lòun ti pa á? Lásìkò òjò yìí, ìgbẹ́ ọjọ́ mélòó ni DNA rẹ̀ ṣì ń jáde?