Ṣé bí àwọn ìyá wa ṣe pè é ni kí a kọ oríkì Ìgbómìnà, àbí kí a sọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò?

Olùkọ́ Òmù-Àrán:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Àwa olùkọ́ díẹ̀ fẹ́ kó oríkì orílẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ń kì ládùúgbò wa jọ sínú ìwé kékeré kan, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè rí i kà. A ti fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ ń tún ọ̀rọ̀ àwọn ìyá náà ṣe, wọ́n ń sọ ọ́ di Yorùbá ìwé ìdánwò, nígbà tí a sì kà á padà, àwọn ìyá ní ohun tí àwọn sọ kọ́ nìyẹn. Atẹ̀wé wa ní tirẹ̀ ní bí a bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é, kò sẹ́ni tí yóò rà á. Èwo ni kí a ṣe?

Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Bí wọ́n ṣe pè é gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Bí a bá ń ka iye ẹni tó ń sọ Yorùbá, kò sí nínú ewu. Àwọn ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ni ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ti jáde lódindi ní 1884, èdè Ọ̀yọ́ ló gba iwájú nínú ohun tí à ń tẹ̀ jáde, ilé-ìwé sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kó àwọn onímọ̀ jọ ní 2003 lórí bí a ṣe ń mọ èdè tó wà nínú ewu, ohun tí wọ́n fi ṣáájú ni bóyá àwọn òbí ṣì ń fi èdè náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ wo Ìlọrin níbí: ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti ọ̀dọ̀ Fúlàní ṣẹ̀ wá ni kò gbọ́ Fúlàní mọ́, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kò sì sí ogun kankan tó gba èdè náà lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ dáàbò bo ohùn náà. WhatsApp máa ń fún ohùn pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ohun tó bá sì ti bọ́ nínú rẹ̀ kò ní padà mọ́, nítorí náà fáìlì WAV, irú èyí tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí ẹ máa lò, kí ẹ kó o lọ sórí kọ̀ǹpútà tààrà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan sọ ọjọ́, ìlú, agboolé, àti ẹni tí wọ́n ń kì, nítorí oríkì tí a kò mọ ẹni tó ni ín kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ́la.

Akọ̀wé Ọ̀fà:
Mi ò ta ko Ọmọ Ìlọrin, àmọ́ ẹ rántí pé ọmọdé ni yóò ka ìwé náà. Bí ojú ìwé bá ṣàjèjì sí i, yóò pa á dé. Ẹ kọ ohun tí ìyá pè sí ojú ewé kan, kí ẹ kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sí èkejì. ELAN, ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ èdè ní Nijmegen ní ilẹ̀ Netherlands ṣe, máa ń so gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó ti dún nínú ohùn, ó gba ìlà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ti àkọtọ́, ẹ má jẹ́ kí ó dá yín dúró: àwọn àáfáà Ìlọrin ti fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ wákà Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó gbé àkọtọ́ 1974 jáde.

Olùkọ́ Òmù-Àrán:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ojú ewé méjì náà wọ̀ mí lọ́kàn. Ìyá kan ní kí a má tẹ àwọn ìlà kan tó jẹ mọ́ eégún ilé wọn jáde. Ṣé kí a pa ohùn rẹ̀ rẹ́ ni?

Ọmọ Ìlọrin:
Rárá, Olùkọ́. Ẹ fi í pamọ́, ẹ kọ ọ́ sára fáìlì náà pé ìyá ní kò gbọdọ̀ jáde, kí ẹ sì fún ìdílé wọn ní ẹ̀dà tiwọn.