Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣètò owó àti ohùn àwo orin ìrànwọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú èyí rí. Àwa olórin kan tó máa ń fi ariwo àti ohùn ẹ̀rọ dán nǹkan tuntun wò fẹ́ kó orin wa jọ sínú àwo kan, kí owó rẹ̀ lọ bá àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé. Bandcamp, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn fún olùgbọ́, la fẹ́ gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń kọ mí lóminú jù. Bandcamp máa ń yọ 15% lórí orin tí a bá tà níbẹ̀, yàtọ̀ sí owó ìfowóránṣẹ́. Tí ìyókù bá gba àpò ẹnì kan nínú wa kọjá, ṣé wọn ò ní bu owó orí lé e? Àbí kí àjọ tó máa gbà á ṣí ojú ìwé náà fúnra wọn? Mo fẹ́ kí ẹni tó bá rà á rí ẹ̀rí ibi tí owó rẹ̀ dé.

Ohùn náà ńkọ́? Orin kan ń dún jẹ́jẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Èyí tó tẹ̀ lé e, ariwo gidi ni. Tí a bá mú wọn dọ́gba, a ti ba iṣẹ́ olórin jẹ́. Tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, etí olùgbọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Báwo lẹ ṣe ń tò wọ́n? A máa ṣe kásẹ́ẹ̀tì C90 pẹ̀lú, ojú kan rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 45 péré.

Ẹni tó bá ní àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn tó jẹ́ kí olórin ṣì ni orin rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wá.