Láptọ́ọ̀pù mi ní ààyè ò tó fún Windows update. Kí ni mo tún máa pa rẹ́?

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe: ìbéèrè ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, CV. Láptọ́ọ̀pù kékeré kan ni mo fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Tókùnbọ̀ ni, ọdún 2021 ni mo rà á. RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Ẹni tó tà á fún mi ní 32GB ni ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí This PC, 28.9GB ni mò ń rí ní C:, 2.1GB péré ló sì ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ìlà abẹ́ ẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ dúró lórí Windows 10. Mo gbọ́ pé èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ kí update ààbò ṣì máa wọlé títí di October 13, 2026. Mo wá ibi ìforúkọsílẹ̀ náà títí, mi ò rí i. Wọ́n ní kí n tẹ winver kí n wo nọ́ńbà ẹ̀dà Windows (version) tó wà níbẹ̀. 1909 ni mo bá, wọ́n sì ní 22H2 nìkan ló lè forúkọ. Ni mo bá ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í gba update. Ó gbà á títí, ó ní òun ń fi í sí i, kò pẹ́ ó dúró, ó kọ 0x80070070.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú. Dátà orí fóònù mi ni mò ń lò, gbogbo èyí tí mo rà fún oṣù yìí ló ti lọ. Mo ti pa àwọn CV àtijọ́ rẹ́, mo ti kó fọ́tò àwọn ìbejì mi lọ sórí fóònù, kò ju 400MB lọ tó kúrò. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ní kí n wọ inú fódà Windows, pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ WinSxS, ó ju 7GB lọ, kí n pa á rẹ́ kí n sì sinmi. Ẹlòmíràn ní kí n format ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìdánwò tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kíláàsì mẹ́fà ló wà lórí láptọ́ọ̀pù yìí. Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọmọ Ajílété

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà. Ẹ má fọwọ́ kan WinSxS o! Mo bẹ̀ yín. Àwọn fáìlì tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Windows fúnra rẹ̀ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Fáìlì kan náà ló ń hàn ní WinSxS tó tún ń hàn ní System32, kọ̀ǹpútà á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì fún yín. 7GB tí ẹ rí yẹn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ti gbé ọ̀kan wá bá mi tí ẹni tó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tàn mọ́ kọjá ojú dúdú.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kó ìbéèrè kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí fláàṣì, kí ẹ sì tún fi ránṣẹ́ sí email ara yín. Ibi méjì ni o. Ẹ ṣí wọn wò níbẹ̀ kí ẹ rí i pé wọ́n pé. Lẹ́yìn náà la ó tó máa sọ̀rọ̀.

Ẹni tó tà á fún yín kò rẹ́ yín jẹ lórí 32GB yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń ka bílíọ̀nù kan báìtì sí GB kan. Windows ń ka 1,073,741,824. Bí Windows bá ka 32 yẹn, 29.8 ló máa já sí. Ó tún ku apá kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títan kọ̀ǹpútà àti fún àtúnṣe, tí kì í hàn ní This PC.

0x80070070 kò ní ìtumọ̀ méjì: disk ti kún. Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé kí ló dé tí update kan á fi nílò ààyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti 1909 dé 22H2, Windows tuntun odidi ni wọ́n ń gbé wọlé. Ó dà bí ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ kan náà tí ilé àtijọ́ wà, tí òun àti ìdílé rẹ̀ kò sì tíì kó jáde. Bó bá wọlé, á tú ara rẹ̀, á kọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, á wá kó ti àtijọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old, kí ẹ lè padà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ 10 tí nǹkan kò bá rí bí ẹ ṣe fẹ́. 2.1GB kò lè gba ìyẹn láéláé, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ gbìyànjú. Torí náà ẹ má fi dátà yín ṣòfò mọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Níbi tí ẹ ti ń wá nǹkan ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ cleanmgr, ẹ tẹ C:, kí ẹ wá tẹ Clean up system files. Á ronú díẹ̀. Tó bá padà dé, ẹ máa rí Windows Update Cleanup, Temporary Windows installation files, Delivery Optimization Files. Ẹ mú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: lórí 1909, orúkọ Downloads wà nínú ibẹ̀ náà. Bí ẹ bá mú un, gbogbo ohun tí oníbàárà fi ránṣẹ́ tó wà nínú Downloads yín á lọ pátápátá. Mo ti rí ẹni tó sunkún nítorí ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ ṣí Command Prompt (ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máùsì tẹ̀ ẹ́, Run as administrator), ẹ kọ:

powercfg /h off

Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ hiberfil.sys tó ń gba nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 RAM yín. Tiyín á tó 1.6GB. Àṣẹ yẹn á yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni pé kò ní lè hibernate mọ́ (ìyẹn ni kó gbé iṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí sórí disk kó tó kú), tí bátìrì bá kú tí ẹ kò tíì save, iṣẹ́ á sọnù. Tí a bá parí, ẹ lè dá a padà, ẹ kọ on dípò off.

Níbẹ̀ náà, ẹ kọ compact /compactos:query. Ìyẹn kò ní yí nǹkan kan padà, ó kàn máa sọ bóyá Windows yín ti fún ara rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ èsì rẹ̀ síbí.

Paríparí ẹ̀, ẹ lọ sí Settings, System, Storage, kí ẹ sọ ohun tó ń jẹ ààyè jù fún mi. Mo ní ìfura kan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín ná.

Tísà Ìlá

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Láptọ́ọ̀pù ọmọ mi obìnrin náà jẹ́ 32GB, ohun tó sì gbà wá là ni fláàṣì. Tí ààyè kò bá tó, Windows Update fúnra rẹ̀ á kọ Windows needs more space, ẹ̀yin á rí Fix issues lábẹ́ ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìyẹn, á ní kí ẹ ki fláàṣì tàbí disk ìta bọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ààyè 10GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti 16GB ni mo kó ohun inú rẹ̀ kúrò tí mo sì lò. Á máa kó ẹrù rẹ̀ síbẹ̀, ohun tó kù ní C: á sì tó fún un.

Ẹ má yọ ọ́ o, títí yóò fi tan padà tó sì kí yín káàbọ̀. Ó lọ́ra gan-an. A bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ìgbà tí mo máa dé láti ibi ìkórè ìsìn ìrọ̀lẹ́ ló tó parí. Ẹ wá ọjọ́ tí iná bá dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ ọ̀rọ̀ yín. Tèmi kò yé mi rárá. SSD 240GB ni mo ní, 131GB ló ṣófo níbẹ̀! Mo fẹ́ gbéra láti Windows 10 sí 11, ó ní We couldn't update the system reserved partition. Ààyè wo ló tún ń wá?

Ọmọ Ajílété

Àbúrò, kì í ṣe C: ló ń sọ. Apá kékeré kan wà níwájú disk tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn, kì í sábà ju 100MB lọ. Òun ló kún. Ó gbọ́dọ̀ ní 15MB tó ṣófo kí update tó lè wọlé. Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ló kó fáìlì BIOS (ètò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fi ń jí) rẹpẹtẹ síbẹ̀.

Ohun tó ṣeé yọ níbẹ̀ láìséwu ni àwọn fọ́ǹtì. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó: ní Disk Management, fi bọ́tìnì ọ̀tún máùsì tẹ Disk 0, Properties, Volumes. Tí kò bá kọ GPT (ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín disk) síbẹ̀, dúró, má ṣe ohun tó kàn, padà wá bá mi. Tó bá jẹ́ GPT, ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kọ wọn ní ìkọ̀ọ̀kan:

mountvol y: /s
y:
cd EFI\Microsoft\Boot\Fonts
del *.*

Kí o tó tẹ Enter lórí ti ìkẹyìn, wo ìlà náà dáadáa. Orúkọ Fonts gbọ́dọ̀ wà níparí ẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, o wà níbi tí kò yẹ, o sì lè pa ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn rẹ́. Tó bá béèrè, dáhùn Y. Kò sí ohun tí àwọn fọ́ǹtì yẹn ń ṣe fún Windows rẹ ju lẹ́tà ojú ewé tí èèyàn ń rí kó tó tàn lọ.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Mo ti kó ìbéèrè kúrò síbi méjì, mo sì ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

cleanmgr yọ 2.6GB. Mi ò fọwọ́ kan Downloads. powercfg yọ 1.6GB, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. compact ní ó ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di 6.3GB.

Mo wá lọ sí Storage. Ọkàn mi kọ́kọ́ ń sọ pé Microsoft Word ni ó máa jẹ ààyè jù. Mo tẹ Apps & features, mo tò wọ́n ní ìwọ̀n, WhatsApp ló wà lókè! 3.1GB. Mo jókòó mo ń wò ó. Láti 2021, gbogbo oníbàárà tó ń fi fọ́tò olóògbé ránṣẹ́ fún ìwé ìsìnkú, gbogbo fídíò tí àwọn ará ilé ń fi ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Fọ́tò bàbá kan tí mo tẹ ìwé rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mọ́kànlá ni mo rí, ìkan náà ni gbogbo wọn.

Ọmọ Ajílété

Ìfura mi nìyẹn! Ní ṣọ́ọ̀bù ìwé títẹ̀, WhatsApp ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ kó fọ́tò tí ẹ ṣì nílò kúrò, ẹ uninstall ẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ àti oníbàárà yín wà, kò ní sọnù. Tí update bá parí, ẹ tún fi í sí i, kí ẹ pa Media auto-download níbẹ̀.

Ẹ máa ní nǹkan bí 9GB. Ẹ wá lo fláàṣì bí Tísà ṣe wí. Ní ti dátà, bí ẹ bá ní ẹni tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó dára, ẹ gbé fláàṣì mìíràn tó jẹ́ 8GB lọ bá a, kó fi Media Creation Tool ti Microsoft kó Windows 10 sórí ẹ̀. Ìyẹn á pa ohun inú fláàṣì náà rẹ́, ẹ rántí. Ẹ ó mú un wálé, ẹ ó tẹ setup lórí ẹ̀ nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá wà ní títàn, ẹ ó mú Keep personal files and apps. Kò ní náwó dátà púpọ̀ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. GPT ni. Mo kọ ọ́ bí ẹ ṣe wí, mo wo Fonts yẹn nígbà mẹ́rin kí n tó tẹ Enter. Ó kọjá! Ó ti ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo

Ilé àbúrò mi tó ní inverter ni mo gbé e lọ ní àná. Setup tiẹ̀ ní kí n yan ibi tí ó máa lò nígbà tí ààyè C: kò tó, mo yan fláàṣì kejì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la bẹ̀rẹ̀. Ó tan, ó kú, ó tan, ó kú, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní nǹkan bí aago méjì òru ni ojú ewé bàbá àwọn ìbejì mi yọ lórí ẹ̀. Mo tẹ winver: 22H2. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Láàárọ̀ yìí Enroll now ti hàn ní Windows Update. Mo gbà kó máa tọ́jú setting mi pẹ̀lú Windows Backup, kò sì gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè Primary 4 ló ń jáde lórí printer bí mo ṣe ń kọ èyí. Fláàṣì kejì ńkọ́, ṣé kí n pa ohun inú ẹ̀ rẹ́? Mo fẹ́ fi kó iṣẹ́ oníbàárà.

Ọmọ Ajílété

Rárá o, Ìyá Ìbejì. Ohun tí ẹ máa fi padà sí 1909 tí nǹkan bá yíwọ́ wà lórí ẹ̀. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn, ẹ kọ déètì òní sí i, ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ tẹ gbogbo ìbéèrè jáde, ẹ dán printer, scanner àti Word wò. Tó bá di ọjọ́ kọkànlá tí gbogbo ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ó wá lè lò ó.