Kí la ó pe ohun tó ń pa igun mọ́?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnìkan dábàá lánàá pé kí a pe jẹ́ọ́mẹ́tírì Möbius, ẹ̀ka ìṣirò tó ń lo àwọn ìyídà tí kì í ba igun jẹ́ (ìyídà Möbius), ní "jẹ́ọ́mẹ́tírì ajọra". Mi ò fara mọ́ ọn. "Ajọra" ti níṣẹ́ lọ́wọ́: onígun mẹ́ta méjì jọra bí ìlọ́po kan ṣoṣo bá sọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan di ti èkejì. Níhìn-ín, ìlọ́po náà ń yí láti ibì kan dé ibòmíràn. Igun ni kì í yí. Ẹ wo máàpù ayé tí Mercator yà lọ́dún 1569: Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó ìlọ́po 14 rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn atukọ̀ òkun gbára lé e, torí kò ba igun jẹ́.

"Apagunmọ́" ni tèmi. Bí a ti ń pa òfin mọ́ náà ni a ń pa igun mọ́. Àwọn kan ní a lè rò pé a fi nǹkan pamọ́ ni. Gbólóhùn tó yí i ká yóò là á. Kí a ṣáà fi àmì ohùn sí i: igun ni, kì í ṣe igún.

"Ojú ńlá" fún hypersurface, ìyẹn ojú tí ìhà (dimension) rẹ̀ fi ẹyọ kan dín sí ti àyè tó wà nínú rẹ̀, ló burú jù. Kò sí títóbi níbẹ̀ rárá. Bí òbìrìkìtì (sphere) bá ní ìhà mẹ́rin, irú ojú bẹ́ẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ yóò ní mẹ́ta. Àwa tí à ń ka mọ́kàndínlógún, kí ló dé tí a ò ní sọ pé "ojú adínkan"?

"Ìsọ̀rí" fún class dára. Ojú adínkan méjì wà ní ìsọ̀rí kan náà bí ìyídà Möbius bá lè sọ ọ̀kan di èkejì. Ìyídà yìí a máa yí bí ìtẹ̀ ojú (principal curvature, ìyẹn bí ojú ṣe tẹ̀ tó sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan) ṣe pọ̀ tó padà, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ méjì tó bá yàtọ̀ síra níbì kan yóò ṣì yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí kíka iye ìtẹ̀ tó yàtọ̀ síra fi wúlò. Élie Cartan, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Faransé, yẹ àwọn ojú tí ìtẹ̀ wọn kì í yí láti ibì kan dé ibòmíràn wò ní ìparí àwọn ọdún 1930. Münzner, onímọ̀ ìṣirò Jámánì, wá fi hàn pé iye ìtẹ̀ tó yàtọ̀ síra lára irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú òbìrìkìtì kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju 1, 2, 3, 4 tàbí 6 lọ. Kò sí 5!

"Ìtẹ̀" fúnra rẹ̀ kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ mú un wá.