Sẹ́ńsọ̀ mi dákẹ́ nínú omi iyọ̀: ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lókè òkun, ẹ gbà mí

Bùkọ́lá, Manchester: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Sẹ́ńsọ̀ tí mo fi graphene, ìyẹn ìpele kábọ̀n tó fẹ́lẹ́ bí átọ́ọ̀mù kan, ṣe láti fi wá oró aflatoxin nínú ẹ̀pà tó bu ń dáhùn dáadáa nínú omi iyọ̀ tí mo bomi là, ṣùgbọ́n bí mo ṣe lo ògidì omi iyọ̀ báyìí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá mi fẹ́ rí èsì. Ṣé áńtíbọ́dì tuntun, ìyẹn purotéènì orí sẹ́ńsọ̀ tó ń gbá oró náà mú, ni kí n rà ni, àbí graphene mìíràn? Owó ọwọ́ mi kò ká méjèèjì.

Àǹtí Yẹ́misí, Philadelphia: Àbúrò, má tíì náwó. Bí iyọ̀ inú omi bá ti tó ti inú ẹ̀jẹ̀, ṣe ló máa ń bo agbára iná tí ohun tí à ń wá bá gbé dání, débi pé graphene kò ní gbúròó ohunkóhun tó bá fi nǹkan bíi nánómítà 0.7 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) jìnnà sí i. Áńtíbọ́dì rẹ nìkan sì ga tó nánómítà 10. Bí o bá bomi là á ní ìlọ́po 100, yóò gbọ́ dé nǹkan bíi nánómítà 7.

Dọ̀tun, Toronto: Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ọmọ yìí lọ sínú kòtò tí mo jìn sí. Èmi náà bomi la tèmi, ó dáhùn, mo sì fi kọ ìwé. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n da omi iyọ̀ tí kò ní oró kankan nínú sórí rẹ̀, kí n sì bomi là á bákan náà. Ó tún dáhùn! Iyọ̀ tó ń dín kù ni graphene ń kà fún mi. Wọ́n dá ìwé náà padà, owó ìwádìí tí mo ń retí sì bá a lọ.

Àǹtí Yẹ́misí: N kò ní kó má ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n aflatoxin fúnra rẹ̀ kéré, kò sì gbé agbára iná kankan, kí wá ni áńtíbọ́dì fẹ́ fi hàn graphene? Aptamer ni kó rà, okùn DNA tó máa ń ká ara rẹ̀ kò bó bá ti gbá oró náà mú, tí yóò sì gbé agbára iná tirẹ̀ sún mọ́ graphene.

Dọ̀tun: N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Omi iyọ̀ lásán ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Bọ̀dá Kúnlé, Manchester: Kí ará Philadelphia máa kọ́ wa ní graphene! Ìlú wa níbí ni Geim àti Novoselov ti fi sẹ́lótéèpù bó o kúrò lára graphite, irú kábọ̀n inú pẹ́ńsùlù, ní 2004, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010.

Àǹtí Yẹ́misí: Ọ̀dọ̀ tiwa ni MXene, ohun èlò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi graphene tó ní irin nínú, ti jáde ní 2011, ní Yunifásítì Drexel.

Bọ̀dá Kúnlé: Èyí tó ń dípẹtà bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi? Àṣà Ṣágámù náà nìyẹn.

Àǹtí Yẹ́misí: Inú fíríìjì, pẹ̀lú gáàsì argon, ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀yin ará Òde tí ẹ mọ aṣọ Ojúde Ọba tọ́jú tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ó yẹ kó yé yín.

Bùkọ́lá: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Òfin níbí kò gba aflatoxin B1 kọjá máíkírógíráàmù 2 nínú kílò ẹ̀pà tí ènìyàn fẹ́ jẹ.

Bọ̀dá Kúnlé: Èyí tí a fi ń mu gàrí kíkan nílé ńkọ́, ta ló wọn tirẹ̀?

Bùkọ́lá: Gàrí Ìjẹ̀bú! Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Òde, ẹ bá mi ra díẹ̀ l'Ókè-Ajé.

Dọ̀tun: Kó mú tèmi náà wá, kó sì jẹ́ èyí tó kan dáadáa.