Ìbọn tí wọ́n dìídì ṣe fúnni, ṣé ó tó owó rẹ̀ fún ìdíje?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni mo ń yìn, láti mítà 10 sí ojú àmì. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi fún, ibi tó yẹ kí n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé kọ ẹ̀yìn sí mi. Tó bá fi máa tó ìgbà 40, ọrùn mi á ti gan bí igi, bẹ́ẹ̀ 60 là ń yìn nínú ìdíje. Àárín àmì tí à ń wá, mìlímítà 0.5 péré! Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ó tán.

Ẹnì kan l'ókè òkun ní òun á ṣe odindi tuntun fún mi. Owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mọ́tò àlòkù. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Múṣìn ní òun lè fi igi apá gbẹ́ ìdí ìbọn (ibi onígi tí à ń gbé lé èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́) nìkan, kí n máa lo irin àtijọ́. Apá wúwo, ìbọn ò sì gbọdọ̀ ju kílò 5.5 lọ. Arère fúyẹ́, àmọ́ ó rọ̀ jù. (Màmá mi ní kí n kúkú kọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ má dá wọn lóhùn.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé máàkì yín gòkè lóòótọ́? Àbí ìdí nìkan ti tó? Igi wo ni kì í wọ́ nínú ọ̀rinrin Èkó yìí?